Ta Ni Ẹ Fi Ṣe Iwin?

Ẹ̀yin ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ta fíìmù létí ọjà, ọ̀rọ̀ ìwé ìtàn ẹ̀rù tí àwọn ọmọ wa ń kà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo mọ̀ pé ìjà ti wà nílẹ̀ lórí rẹ̀. Àwọn kan ní kí a gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ, kí a dáná sun ún, nítorí pé orúkọ òrìṣà àti ọ̀rọ̀ idán pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ìwé kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, kí a jẹ́ kí ọmọ máa kà, ṣebí ó sàn ju kí ó tẹjú mọ́ fóònù láti àárọ̀ dalẹ́.

Èmi kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn. Èmi náà ń ka ìwé wọ̀nyí. Èyí tí ọmọ-ọmọ mi bá kà tán, mo máa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún mi pé mo ti dàgbà ju ìtàn iwin lọ. Ìtàn ẹ̀rù dára. Láti kékeré ni wọ́n ti fi ń kọ́ wa bí ọkàn ṣe ń dúró nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ohun tí mo ń kìlọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tó fẹ́ sun ìwé: ẹ máa wo ẹni tí ìtàn náà fi ṣe iwin. Ní agbègbè tiwa yìí, láti Kétu títí dé Pàràkú, ẹni tí ìtàn bá fi ṣe iwin lálẹ́, òun náà ni wọ́n lè máa sọ lókò bí ilẹ̀ bá mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó lókìkí jù lọ. Tómi Adéyẹmí, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, gbé Children of Blood and Bone jáde ní 2018. De sang et de rage ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n yí i sí èdè Faransé. Ìwé kejì tẹ̀ lé e ní 2019, ìkẹta dé ní 2024. Nínú ìtàn náà, àwọn ènìyàn kan wà tí idán wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, irun funfun tí wọ́n bí mọ́ wọn ni a sì fi ń dá wọn mọ̀. Ọba kan tí ń jẹ́ Saran ti pa àwọn àgbà wọn ní ọdún mọ́kànlá ṣáájú, títí kan ìyá Zélie, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí. Àwọn ọmọ tó ṣẹ́ kù ń jẹ ìyà, owó orí ń pa wọ́n, gbogbo ayé ń bú wọn. Zélie wá dìde pé òun yóò dá idán padà.

Mo gbádùn rẹ̀. Obìnrin yìí mọ bí ìtàn ṣe ń sáré, kò sì bẹ̀rù láti jẹ́ kí ẹni tí a fẹ́ràn kú. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i pé ó ti sọ Ìlọrin di abúlé apẹja tó léfòó lórí omi òkun. Ará Ìlọrin tó bá kà á yóò wá omi náà títí, àwa ní Bẹ̀nẹ̀ ni a ó sọ fún un pé Gánvié, ìlú orí omi tiwa, ló jọ. Ìyẹn kò ba nǹkan kan jẹ́ o. Òǹkọ̀wé láǹfààní láti gbé ìlú síbi tó bá wù ú.

Ọ̀rọ̀ irun funfun ni kò jẹ́ kí n sùn. Adéyẹmí fúnra rẹ̀ ṣàlàyé ní òpin ìwé náà pé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń yìnbọn pa ní Amẹ́ríkà, àgbà àti ọmọdé tí kò gbé ohun ìjà kankan lọ́wọ́, ló ń kó ìbànújẹ́ bá òun nígbà tí òun ń kọ ọ́. Àwọ̀ dúdú ni irun funfun yẹn dúró fún. Ọmọ tó bá kà á ní Chicago mọ ẹni tí ọba Saran jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìwé kan náà bá dé Ṣábẹ̀ẹ́, ohun tí ọmọ tiwa yóò tètè rí mú nínú rẹ̀ ni pé agbára tó fara sin jẹ́ ohun tí a ń bí mọ́ ènìyàn, àti pé àmì kan lára rẹ̀ yóò tú àṣírí rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ìgbàgbọ́ yìí kò sí nínú ìwé nìkan. Ó ti pa ọmọ.

Ẹ gòkè díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa, ẹ dé ilẹ̀ àwọn Ìbàrìbá. Ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ jáde láti inú ìyá rẹ̀, tàbí tó dojú bolẹ̀ bí wọ́n ṣe bí i, tàbí tí ehín òkè rẹ̀ kọ́kọ́ yọ, àjẹ́ ni àṣà kà á sí. Wọ́n ní yóò pa bàbá, yóò pa ìyá, yóò tú ilé. Àwọn kan pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn gbé e fún àwọn Fúlàní darandaran, ibẹ̀ ló ti dàgbà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà lára àwọn tí à ń pè ní Gàndó títí dòní. Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Òfin ọmọdé tí orílẹ̀-èdè wa ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún 2015 kò gbójú fo ọ̀rọ̀ pípa àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ní àjẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nílẹ̀.

Àwa á wá máa fọwọ́ sọ̀yà pé a kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Òótọ́ ni pé orúkọ ni àwọn baba wa fi pàdé irú àmì wọ̀nyí. Ìgè ni ọmọ tó fi ẹsẹ̀ jáde. Àjàyí ni èyí tó dojú bolẹ̀. Èyí tí ìwọ́ kọ́ lọ́rùn ń jẹ́ Òjó, bí ó bá jẹ́ obìnrin, Àìná. Oníka mẹ́fà ni Olúgbódi, onírun títa kókó sì ni Dàda. Àmì tí aládùúgbò wa rí tí àyà rẹ̀ fi já, àwa rí i, a sọ ọ́ di orúkọ àmútọ̀runwá, a tún kì í ní oríkì. Ká ní Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n bí Zélie sí ni, irun rẹ̀ ì bá ti di orúkọ kí wọ́n tó kó o jáde. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí, mo sì rò pé ẹ̀kọ́ ló jẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ ìwé ìtàn idán nípa wa.

Àmọ́ ẹ má tíì jó. Àbíkú ńkọ́?

Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe sí òkú àbíkú. Wọ́n á gé ìka rẹ̀, tàbí kí wọ́n fá etí rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi iná jó o lára, kí ó má baà padà wá. Bí ọmọ tí wọ́n bí tẹ̀ lé e bá ní àpá kékeré kan lára, ẹ̀rí dé nìyẹn. Wọ́n á máa pè é ní Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó, Kòsọ́kọ́, ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Lónìí àwọn dókítà ti jẹ́ ká mọ̀ pé fònìkú-fọ̀ladìde, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí bàbá àti ìyá jọ fi ta ọmọ lọ́rẹ láìmọ̀, ló pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn. Aláìsàn ni wọ́n. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀ lọ́run.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ẹjọ́ kékeré pẹ̀lú Jordan Ifueko, ọmọ Amẹ́ríkà tí òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà lọ, ẹni tó kọ Raybearer ní 2020 àti Redemptor ní 2021. Ọlọ́gbọ́n òǹkọ̀wé ni, bóyá nínú gbogbo àwọn tuntun wọ̀nyí òun ló mọ bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ìjọba àti òfin jù. Nínú ìtàn rẹ̀, àwọn ẹ̀dá ìsàlẹ̀ ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ń gba ọ̀ọ́dúnrún ọmọ lọ́dọọdún, àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àmì lára. Ẹ̀yìn àwọn ọmọ náà ni òǹkọ̀wé wà, Tarisai tó jẹ́ akọni ìtàn náà sì fi ara rẹ̀ lélẹ̀ nítorí wọn. Ó yẹ ká kan sáárá sí i. Ṣùgbọ́n àbíkú ni ó pe àwọn ẹ̀dá tó ń jẹ ọmọ yẹn. Nínú ilé wa, àbíkú ni ọmọ tó ń kú. Ìyá rẹ̀ ló ń sọkún, òun ló ń jẹ̀rora. Láti wá gbé orúkọ ọmọ náà wọ ẹni tó ń pa ọmọ, ìyẹn dùn mí. Ben Okri kò ṣe bẹ́ẹ̀ nínú The Famished Road ní 1991. Ó jẹ́ kí àbíkú fẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn tirẹ̀, ẹni tó bá sì gbọ́ ohùn ọmọ náà tán, ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbé abẹ mọ́.

Ọmọdé ni mo ń sọ bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àgbà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wúwo jù.

Nínú fíìmù ẹ̀rù tí wọ́n ń tà lọ́jà wa, àti nínú ìtàn tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ sórí fóònù wọn, ta ni iwin? Ìyá arúgbó ni. Ìyá bàbá. Ìyá ọkọ. Orogún tí kò bímọ. Yóò wà lábẹ́ igi lóru, ẹyẹ yóò ké, ọmọ yóò kú, wòlíì yóò dé, arúgbó yóò ká lulẹ̀. Láti ayé Kòtò Ayé, iṣẹ́ Yẹkínì Àjílẹ́yẹ tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá wò, ni wọ́n ti ń se ọbẹ̀ kan náà. Yẹkínì ní ọgbọ́n orí ìtàgé. Àwọn tó tẹ̀ lé e kàn ń mú ìyá àgbà nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni, wọ́n á fi òmíràn dípò bí ti àná bá ti kú.

Òwe kan wà tí gbogbo wa ń pa: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹ̀yin àgbà tó ṣáájú, ẹ má bínú sí mi, òwe yìí kò yẹ kó dé ilé ẹjọ́ kankan. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á kò béèrè bóyá ibà wà lára ọmọ náà. Kò lọ wo omi tí ọmọ náà mu. Ó gbọ́ ohùn kan, ó rí òkú kan, ó sì so wọ́n pọ̀. Ìdajì ìtàn ẹ̀rù tí mo ń kà ló dúró lórí òwe yìí, kò sì sí ìṣòro bí ó bá parí sínú ìwé. Kì í sábà parí síbẹ̀.

Ní 1950, àwọn ọkùnrin kan gbéra láti ìhà Gánà, wọ́n la Dàhòmì kọjá, wọ́n sì wọ ilẹ̀ Yorùbá gba ìhà Kétu àti Ẹ̀gbádò. Alátíngà ni àwọn ènìyàn ń pè wọ́n. Wọ́n ní àwọn mọ bí a ṣe ń dá àjẹ́ mọ̀. Ìlù á máa dún, àwọn tí wọ́n ti fún ní oògùn wọn á máa jó títí wọn ó fi bọ́ sínú ìran, wọn á sì na ìka sí obìnrin kan láàrin èrò. Obìnrin tó bá jẹ́wọ́ á sanwó, wọn á ní àwọn ti wẹ̀ ẹ́ mọ́. Èyí tó bá sẹ́ á lọ mú adìyẹ wá. Wọn á dúńbú adìyẹ náà, bó bá ṣe ṣubú kú ni ẹjọ́ obìnrin náà ṣe rí. Ẹ dúró díẹ̀ síbẹ̀. Ẹ wo ìyá kan tó ti fi òwò tọ́ ọmọ, tó ti yá ọ̀pọ̀ ènìyàn lówó, tó dúró lójú ọjà tirẹ̀ gan-an, tó ń wo adìyẹ tó ń jà fitafita nínú erùpẹ̀, tó ń bẹ Ọlọ́run nípa ibi tí àyà ẹyẹ yóò dojú kọ.

Ìjọba Nàìjíríà fòfin de Alátíngà ní 1951. Nígbà yẹn wọ́n ti wó ojúbọ òrìṣà púpọ̀, obìnrin tó pọ̀ sì ti jẹ́wọ́ ohun tí wọn kò ṣe. Peter Morton-Williams, tó ṣèwádìí rẹ̀ ní Ẹ̀gbádò, kọ̀wé lé e lórí ní 1956. Nígbà tí Andrew Apter tún yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní 1993, ó so ó mọ́ owó kòkó tó ya wọ ilẹ̀ náà lẹ́yìn ogun àgbáyé, àti mọ́ àwọn obìnrin tó ń ṣòwò. Mo fẹ́ kí ẹ rántí ọ̀rọ̀ owó yẹn.

Tiwa gan-an ṣì ń bọ̀. Kérékou gbàjọba ní Dàhòmì ní oṣù Kẹwàá ọdún 1972. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1975 ni Dàhòmì di Bẹ̀nẹ̀. Láàárín 1975 sí 1976 ni ìjọba Kérékou gbógun ti àjẹ́ ní gbangba. Àwọn arúgbó ni wọ́n ń kó, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n gé àwọn igi ńlá tí wọ́n ní wọ́n ti ń ṣèpàdé. Rédíò gbé ìjẹ́wọ́ wọn káàkiri orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá tó mi lọ́jọ́ orí mọ ohun tí mo ń sọ: ohùn ìyá àgbà kan tó ń gbọ̀n, tó ń ka àwọn tó pa. Àwọn ènìyàn pagbo yí rédíò ká bí ìgbà tí wọ́n ń gbọ́ àlọ́ alẹ́. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tí ojú arúgbó náà ti rí kí wọ́n tó gbé e síwájú ẹ̀rọ. Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ọdún yẹn, àgbà náà gan-an ni wọ́n wá mú lọ́jà.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ó ti tán, ẹ wo Kafaba ní àríwá Gánà. Ní oṣù Keje ọdún 2020, wọ́n lu ìyá ẹni àádọ́rùn-ún ọdún pa níbẹ̀ ní ojúmọmọ, nítorí pé wọ́n ní àjẹ́ ni. Àwọn kan dúró, wọ́n ń fi fóònù ya fídíò.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ sọ pé àwọn òǹkọ̀wé àtijọ́ mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Fágúnwà tí gbogbo wa ń yìn, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938, ẹ ṣí i ní ìbẹ̀rẹ̀. Àjẹ́ ni ìyá Àkàrà-oògùn, akọni ìwé náà, ìbọn bàbá rẹ̀ ló sì pa á. Mo ti kà á láìmọye ìgbà, ọkàn mi kì í balẹ̀ níbẹ̀. Àfi pé Fágúnwà kò pẹ́ lọ́dọ̀ ìyá yẹn. Ó kó ọdẹ lọ sígbó, ọ̀hún ni ó sì kó iwin jọ sí: olójú púpọ̀, onírù, aláràbarà oríṣiríṣi tí kò jọ aládùúgbò ẹnikẹ́ni. Kò sí ìyá kankan tí a lè lé jáde nílé nítorí pé ó jọ wọ́n.

Amos Tutùọlá tilẹ̀ ṣe é dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa tí à ń ka Faransé ti ní The Palm-Wine Drinkard lọ́wọ́ láti 1953, ọdún kan lẹ́yìn tí ó jáde, nítorí pé Raymond Queneau tètè túmọ̀ rẹ̀. Ẹ rántí arẹwà ọkùnrin tó wá sọ́jà. Gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ló yá. Bí ó ṣe ń padà sínú igbó ló ń dá wọn padà fún olówó wọn, ó ń san owó ìyálò, títí ó fi ku agbárí nìkan, ọmọbìnrin tó tẹ̀ lé e sì ń wò ó. Ẹ̀rù wà níbẹ̀! Ohun tó sì dẹ́rù bani níbẹ̀ ni ẹ̀tàn, ohun tí ọwọ́ ṣe. Nílé wa níbí, Olympe Bhêly-Quenum kọ Le Chant du lac ní 1965, nínú èyí tí ìyá kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ ojú omi lóru, tí wọ́n sì pa ohun tí gbogbo ìlú ń bọ, tí wọ́n ń pè ní òrìṣà adágún. Ìyá ló dúró, ẹranko omi ló ṣubú. Mo ń fẹ́ kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa máa kà á sí i.

Ẹ sì wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde fún gbogbo ayé ní 2001. Agbára àwọn ìyá wa ni wọ́n ń jó fún. Ọkùnrin á di ìró, á gbé ère lérí, á fi ijó tù wọ́n nínú. Ẹ̀rù àwọn ìyá wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó fi pamọ́, síbẹ̀ kò sí ẹni tí wọ́n ní kó lọ mú adìyẹ wá. Bí Ẹ̀fẹ̀, olórin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, bá sì jáde lóru tó fẹ́ bú ọ, yóò bú ọ nítorí olè tó o jà tàbí irọ́ tó o pa, kò ní bú ọ nítorí ọjọ́ orí rẹ. Ilẹ̀ kan náà tí Alátíngà kọjá ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń jó. Èmi mọ èyí tí mo fẹ́ kí àwọn òǹkọ̀wé wa tẹ̀ lé.

Nínú àwọn tuntun, Nnedi Okorafor ló sún mọ́ ohun tí mo ń sọ jù. Ọmọ Igbo ni, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí. Nínú Akata Witch tó jáde ní 2011, àfín ni Sunny, ọmọ ọdún méjìlá tó ń gbé ní Aba. Àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ ń bú u, oòrùn kì í jẹ́ kí ó gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ mọ̀ pé wọ́n ti pa àwọn àfín ní Tanzania àti Màláwì nítorí irọ́ àwọn olóògùn owó. Okorafor mú ọmọ yìí, ó fi ṣe akọni. Nínú ayé idán rẹ̀, owó máa ń já bọ́ láti òkè nígbà tí ènìyàn bá kọ́ nǹkan tuntun: ẹ̀kọ́ ló ń sanwó, ẹ̀jẹ̀ kọ́. Àgbà ọkùnrin kan tó ń gbé ọmọ pa, Black Hat Otokoto, ni iwin rẹ̀. Ẹni tó bá rántí 1996 mọ ibi tí orúkọ yẹn ti wá, ilé ìtura Otokoto ní Owerri níbi tí wọ́n ti pa ọmọdé tí ìlú fi gbaná. Ohun tí iwin yẹn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni a fi mọ̀ ọ́n. Irun rẹ̀ kò dá a lẹ́bi, àwọ̀ rẹ̀ kò dá a lẹ́bi. Ìwé tí mo fẹ́ kí ọmọ mi kà nìyẹn, kódà bí ó bá fi ẹ̀rù sùn.

Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé ọmọ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ àjẹ́ ìdílé lóru ìṣọ́, tí ẹ ń ní kí ọlọ́mọ lọ wo ẹni tó kọ́kọ́ kí i nígbà tó bímọ, ìtàn tiyín burú ju ti Adéyẹmí lọ, nítorí pé tiyín ní àdírẹ́sì. Ọmọ ìjọ yóò délé, yóò sì bá ìyá ọkọ rẹ̀ níbi ìdáná. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta fíìmù, mi ò ní kí ẹ má tà. Mo kàn ń béèrè bóyá ẹ lè jókòó ti ìyá yín kí ẹ jọ wo ohun tí ẹ ń tà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ̀wé, tí ẹ ń wá ohun tó dẹ́rù bani, ẹ gbójú sókè wo àwọn òkè wa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Dàhòmì ja Ṣábẹ̀ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Orí òkè wọ̀nyẹn ni àwọn baba wa sá gùn. Ẹ ro ti ìyá tó gbé ọmọ ọwọ́ wọ inú ihò àpáta, tí àwọn ọmọ ogun ń kọjá nísàlẹ̀, tí ọmọ sì ń fẹ́ sunkún. Ẹ ro ti àwọn tí ọwọ́ bà, tí wọ́n kó lọ sí Àgbómì, sí oko ọba, àwọn mìíràn títí dé etíkun. Iwin ìtàn yẹn ní ọba, ó ní ìbọn, ó ní oníbàárà tó ń ra ènìyàn. Ẹ kọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi idán sí i, ẹ fi sí i, àyè wà. Ẹ ṣáà má wá ìyá arúgbó kan fi dípò ọba náà nítorí pé arúgbó kò lè bá yín jà.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá parí ìwé tàbí fíìmù, ẹ bi í ní ìbéèrè. Ta ló kọ́kọ́ pe ẹni yẹn ní iwin? Kí ni ó rí tó fi sọ bẹ́ẹ̀, àbí wọ́n sọ fún un ni? Ọ̀rọ̀ owó tí mo ní kí ẹ rántí ló sì dé yìí: ta ni ilẹ̀ àti ilé ẹni náà bọ́ sí lọ́wọ́ lẹ́yìn tí wọ́n lé e tán? Ọmọ tó bá mọ ìdáhùn ìbéèrè kẹta yìí yóò ka Adéyẹmí, yóò ka Ifueko, kò sì ní bá èrò sọ òkò.

Bí ẹ bá sì gbọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ládùúgbò yín, pé ehín òkè ti kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ọmọ kan, tàbí pé ìyá kan ni ẹyẹ ń ké sí lóru, ẹ má dúró de ìpàdé ẹbí. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, ẹ sọ fún olórí àdúgbò, ẹ sọ fún ọlọ́pàá, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Bí ẹsẹ̀ yín kò bá gbé e mọ́, ẹ rán àwọn ọmọ tó ń ka ìwé wọ̀nyí. Wọ́n ti bá Zélie sáré sá fún ọba Saran láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé òpin, wọ́n á yára.